Wáyà Ráfíù Tí Mo Yọ Inú Ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú láti ìgbà òjò, mi ò lè gbé e mọ́, torí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ta alùpùpù ẹ̀ lọ́la nítorí ohun tí mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Sónò ni mo ń ṣe ní Parakou níbí. Tí ẹ bá ní ìsọmọlórúkọ tàbí wáàsí, èmi ni màá gbé sípíkà àti míkírò wá. Mi ò kàwé púpọ̀, mi ò dé ibi ìdánwò BEPC, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi wọ́n ní àdúgbò Banikanni, kò sọ́mọ tó mọ sónò tò tó mi. Èmi àti Ráfíù la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Èmi ni mo yára mọ̀ ọ́n. Òun ló ń bi mí.

Ọ̀gá wa máa ń ra ìwé ìròyìn Faransé kan tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ohùn. Nígbà yẹn, ìwé yẹn dáa. Wọ́n á tú ẹ̀rọ wò, tí kò bá dáa, wọ́n á sọ pé kò dáa. Ní báyìí, ìpolówó ló kún inú ẹ̀. Ẹni tó ń polówó wáyà, òun náà ni wọ́n ń yìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wáyà kan tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà ń jẹ́ kí ohùn máa mí bí èèyàn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ráfíù ò rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ sí Kùtọnu, ó rà á. Wáyà yẹn ki bí ejò, wọ́n hun aṣọ dúdú bò ó, orí ẹ̀ ń dán bíi wúrà.

Níbí, tí wáàsí bá parí, alfa máa ń fi míkírò ṣàdúà fẹ́ni tó gbé sónò wá. Á dárúkọ ẹ̀, gbogbo àdúgbò á ṣe àmín. Lẹ́yìn wáyà yẹn, Ráfíù ni wọ́n ń pè ṣáá. Bóyá torí pé ó máa ń tètè dé ni, mi ò mọ̀. Mo jókòó síbi wáàsí kan ní Titirou níjọ́ kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣe àmín sórúkọ ẹ̀, àyà mi ń ta mí bí ata. Mo sọ fáwọn èèyàn pé irọ́ ni wáyà yẹn. Wọ́n ní ìlara ni. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi náà ti ń rò ó lọ́kàn pé bóyá wáyà yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa pè é.

Nígbà tí Ráfíù ń lọ sìnkú ẹbí wọn ní Djougou, ó kó ẹrù ẹ̀ sọ́dọ̀ mi torí òjò ń wọ yàrá ẹ̀. Mo tú orí wáyà yẹn. Mo fa inú ẹ̀ yọ, mo ki wáyà lásán tí wọ́n ń gé tà lọ́jà bọ inú aṣọ dúdú yẹn, mo dé e padà. Mo fẹ́ kí ojú tì í níwájú alfa.

Ojú ò tì í. Ní wáàsí tó tẹ̀ lé e, alfa ní tọjọ́ yẹn tún dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ráfíù yíjú sí mi.

"Ọ̀gbẹ́ni Mo-mọ-gbogbo-ẹ̀, ṣó o gbọ́? Ìwé ò parọ́."

Mo kàn fẹyín. Inú wáyà ẹ̀ tí mo fà yọ, ara sónò tèmi ni mo fi í sí, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, èmi gan-an ò gbọ́.

Ẹ wò ó, mo jàre. Èmi nìkan ni mo jàre ní gbogbo Parakou, mi ò sì lè fi yangàn, torí olè ni wọ́n máa pè mí.

Ìwé yẹn ti tún ń yin wáyà mìíràn tó wọ́n jùyẹn lọ. Alùpùpù tí bàbá Ráfíù fi sílẹ̀ ló fẹ́ tà láti rà á, òun ló fi ń gbé ìyá ẹ̀ lọ sọ́jà láti ilé wọn ní Ladjifarani. Ẹsẹ̀ ìyá yẹn ò dáa. Mo ní kó má tà á.

Ó ní, "Ìwọ ò fẹ́ kí n gòkè rí."

Ó tún bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé òun lọ ta alùpùpù yẹn, torí mo mọ ọjà ná.

Ẹ má bínú, ìlara yẹn ò tíì tán lára mi. Ṣùgbọ́n tí n ò bá sọ̀rọ̀, ìyá yẹn ló máa fẹsẹ̀ rìn. Ẹ jọ̀ọ́, Ráfíù ń bọ̀ wá gbé mi láàárọ̀ ọ̀la. Kí n tó gun alùpùpù yẹn lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ sọ?