Kò Sí Ohun Tó Ṣe Ọwọ́ Délé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ mú obìnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni mí, ní Efire. Nígbà tí bàbá mi kú, ìjọ ló rán mi lọ sílé-ìwé ní Àgọ́-Ìwòyè. Mi ò lè dúpẹ́ tán. Nígbà tí Délé, ọmọ ìjọ wa, wọ ilé-ìwé kan náà tẹ̀lé mi, ìyá rẹ̀ fà á lé mi lọ́wọ́.

Délé mọ géèmù orí fóònù ta gan-an. A jọ wà nínú ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn ilé-ìwé mìíràn díje. Bó bá ti wọ ilé ọ̀tá, eré parí nìyẹn. Kì í ní dátà, nítorí náà láti ara fóònù mi kejì ni fóònù tirẹ̀ ti ń rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ènìyàn máa ń yìn mí pé mo ṣe ẹ̀gbọ́n fún un.

Wọn ò mọ̀ pé mo ti wọ ọjà àsọtẹ́lẹ̀ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, à ń ra "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lórí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí èyí tí o rà bá ṣẹ, o jèrè. Bí kò bá ṣẹ, owó ti lọ. Mo ti pàdánù púpọ̀. Nígbà tí ìdíje wa kan àṣekágbá, wọ́n gbé e sọ́jà: ṣé eré náà yóò kọjá ogún ìṣẹ́jú? Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń ta "bẹ́ẹ̀ ni," torí gbogbo ayé mọ̀ pé Délé kì í pẹ́ parí eré. Mo rà á.

A ti ń borí. Mo bá fi fóònù kejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba fíìmù ńlá kan sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Délé lè máa fà. Délé tẹ fóònù ọwọ́ rẹ̀, kò lọ. Ó nu àtàǹpàkò mọ́ ṣòkòtò, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Délé, o ń tẹ̀ ẹ́ bí arúgbó tó ń wá bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì!" Ẹnìkan nínú wa ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Délé yíjú sí mi. "Sísítà, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo wò ó lójú, mo ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Ọwọ́ ẹ ni."

Bí eré ṣe kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo dá fíìmù náà dúró. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà. Ṣùgbọ́n Délé ti gbé fóònù lé itan, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n borí wa. Owó mi wọlé, mo sì mú nínú rẹ̀ ra àbẹ́là fún ilé Ọlọ́run.

Láti ìgbà náà ni ọwọ́ Délé ti ń gbọ̀n. Kò lè di bírò mú nínú ìdánwò. Ó padà sílé. Ni ẹbí bá rántí pé ìyálé ìyá rẹ̀, tí à ń pè ní Ìyá Àgbà, di ọwọ́ náà mú, ó sì súre fún un, nígbà tí Délé ń lọ sílé-ìwé. Wọ́n ní òun ló fi àjẹ́ gba ọwọ́ ọmọ. Wọ́n wó ààrò tó fi ń yan ẹja, wọ́n sì ní kó wá kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú yìí.

Èmi ni ìjọ sì yàn pé kí n máa ka Sáàmù sórí ọwọ́ Délé, Sáàmù tó ń bá ọ̀tá jà. Wọ́n á ṣe "Àmín" kíkankíkan. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tí Sáàmù náà ń bọ́ lé lórí.

Lánàá, mo lọ kí Ìyá Àgbà. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ìjẹ́wọ́ ni yóò wo ọwọ́ Délé sàn, mà á jẹ́wọ́. Ìwọ lo mọ̀wé. Wá kọ́ mi lóhun tí mà á wí."

Mo ní mà á padà wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Délé ni, àbí kí n dìde lójú gbogbo ìjọ tó tọ́ mi? Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ìyá Àgbà ń retí mi.