Ojú Òsì Ni Mo Bò, Ìyá Ọmọ Ni Mo Dá Lẹ́bi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ọkọ mi nìkan ló gbọ́ ọ, kò sì tíì pẹ́ tí òun náà gbọ́. Ǹ bá má sọ ọ́ títí n ó fi kú, ṣùgbọ́n obìnrin kan ń so ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mẹ́yìn báyìí nítorí irọ́ tí mo pa. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí.

Ilé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé èwo ni. Àwọn aláìsàn máa ń pè mí ní dókítà, ṣùgbọ́n n kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ̀ bóyá ojú méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀, pàápàá ojú àwọn ọmọdé. Bí ojú ọmọ kan bá ń yà síbòmíràn, tàbí tí ojú kan bá ń ya ọ̀lẹ tó fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ fún èkejì, ọ̀dọ̀ mi ni dókítà ń fi irú wọn ránṣẹ́ sí. Àwa tí à ń ṣe é kò pọ̀, mo sì máa ń fi í yangàn. Láti Ìkẹ́nnẹ́ tí mò ń gbé títí dé ibi iṣẹ́, ẹni tó bá jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì yóò ti gbọ́ nípa iṣẹ́ mi kó tó sọ̀, ì báà fẹ́ gbọ́, ì báà má fẹ́.

Ìtọ́jú ojú tó ń ya ọ̀lẹ kò rí bí ènìyàn ṣe lè rò. Èyí tó dára là ń bò. A óò lẹ pílásítà mọ́ ọn fún wákàtí mélòó kan lójoojúmọ́, kí ọ̀lẹ ojú yẹn lè rí i pé kò sí ẹni tó máa bá òun ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ máa ń ké lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí a ti bo ojú tó fi ń ríran. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ igbe yẹn ṣeré. Ó máa ń ní bí ọmọ kò bá ké, kí n tún ọwọ́ mi wò. Ó tún máa ń kìlọ̀ pé tí mo bá kọjú sí ọmọ, apá ọ̀tún mi ni ojú òsì rẹ̀ wà, kí n má gbàgbé. Ó ní kí n má fi falẹ̀ pẹ̀lú, torí bí ọmọ bá ti ń dàgbà, ojú náà á kọ̀, kò ní jí mọ́.

Ẹ jẹ́ n pe ọmọ tí mò ń sọ ní Ròfíátù. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá àti bàbá rẹ̀ mú un wá. Ìdílé oníṣòwò obì ni wọ́n, ìyá bàbá rẹ̀ ní ìsọ̀ ní Sàbó. Ojú ọmọ náà méjèèjì gún régé, kò sí ẹni tó lè wò ó kó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Olùkọ́ rẹ̀ ló fura. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí i pé ojú òsì ló ń ya ọ̀lẹ. Ojú ọ̀tún ló yẹ kí n bò.

Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n fẹ́ rán ẹnì kan láti ẹ̀ka wa lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní òkè òkun. Wọn ò mú mi. Ẹni tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n mú. Nọ́ọ̀sì kan wọlé wá bá mi kẹ́dùn, mo bá ṣí ẹnu, mo sì ń sọ gbogbo ohun tó wà níkùn mi. Ọwọ́ mi ń lẹ pílásítà, ẹnu mi ń jà. Ojú òsì ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo fi han ìyá rẹ̀ bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́, mo ní ojú yìí ni o, lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ròfíátù kò ké. Ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí tó wà lára ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní ọmọ akin ni.

Mo ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ká ní wọ́n rí mi nígbà náà ni, ǹ bá rí àṣìṣe mi, ǹ bá sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìyanṣẹ́lódì fi bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn wà ní títì pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyá Ròfíátù kò rí ẹni bi. Ohun tí mo ní kó máa ṣe ló ń ṣe.

Lọ́jọ́ kan láàrin ìyanṣẹ́lódì yẹn, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ṣàgámù. A dúró ní Sàbó kí èrò kan lè sọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí Ròfíátù níwájú ìsọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Ó jókòó ti agbọ̀n, ó ń bá wọn ṣa obì. Pílásítà wà lójú rẹ̀. Ojú òsì ni. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ọmọ yìí kò ké.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Àṣìṣe ni èyí tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó kọjá àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ní Sàbó, mo mọ̀. Kò jìnnà rárá láti ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ohun tó kù kò ju kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èkejì ni ká máa bò." Mo ro ti ọ̀gá mi. Mo ro ti ẹni tí wọ́n rán lọ sókè òkun, bí yóò ṣe gbọ́ ọ tí yóò fi mí ṣẹ̀rín. Mo wá sọ fún ara mi pé bóyá ibi tí mo jókòó sí ló ń tàn mí jẹ. Bọ́ọ̀sì gbéra, mo sì bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn, àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Mo yẹ ojú òsì náà wò, ó ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ bi mí pé kí ló fà á. Mo ti ń ro ohun tí n ó sọ láti ìgbà pípẹ́. Mo wá bi í bóyá ó máa ń yọ pílásítà náà kí àkókò tó tó. Mo bi í bí ẹni tó kàn ń wádìí.

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ó ní lóòótọ́ ni, òun a máa yọ ọ́ nígbà mìíràn. Ó ní àwọn ọmọ ilé kéwú ń pe ọmọ òun ní olójú kan, ó sì máa ń dun òun. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní kí n má bínú, òun ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Ẹ gbọ́, mo jẹ́ kó kúnlẹ̀. Èmi tó yẹ kí n wà nílẹ̀, orí àga ni mo jókòó sí. Mo ní, "Ìyá Ròfíátù, àánú yín ló fà á o." Ọkọ rẹ̀ dúró tì wá, ó sì gbọ́ ọ.

Mo wá ní kí wọ́n máa bo ojú ọ̀tún. Ó bi mí ìdí tó fi di èkejì, mo ní ìpele kejì ìtọ́jú nìyẹn. Ó gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ náà kò yọ ọ́ ṣáájú àkókò mọ́, àwọn ọmọ ilé kéwú ì báà sọ ohun tó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lónìí, bí Ròfíátù bá fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, yóò rí i pé ènìyàn dúró níwájú òun, kò ní mọ ẹni tó jẹ́.

Ìyá ọkọ obìnrin yìí kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ síta pé kò mọ ọmọ tọ́jú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ó sì ń dúpẹ́ pé mo fẹ́ràn òótọ́. Ọdọọdún, tí Iléyá bá dé, ó máa ń gbé ẹran wá fún mi dé Ìkẹ́nnẹ́. Mò ń gbà á. Mò ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú.

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti sùn. Àfi bí obìnrin yìí ṣe tún mú àbígbẹ̀yìn rẹ̀ wá lọ́dún yìí, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin kan tí n ó pè ní Mùbáráàkì. Irú àìsàn ojú yìí máa ń bá ẹbí rìn. Wọ́n ní kó gbé e lọ síbòmíràn, ó ní rárá, ọ̀dọ̀ àǹtí tó bá òun sọ òótọ́ lòun ń lọ. Mo yẹ ọmọ náà wò, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú tó yẹ ni mo bò lọ́tẹ̀ yìí. Bí pílásítà ṣe kan ojú rẹ̀ ló figbe ta. Ó ń ta sọ́tùn-ún, ó ń ta sósì.

Ìyá rẹ̀ dì í mú, ó ń wò mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ké rárá lọ́jọ́sí. Kí ló dé?"

Mo ní ọmọ yàtọ̀ sí ọmọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò tètè gbójú kúrò lára mi. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé tó bá tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, n ó ṣubú.

Nígbà tí wọ́n padà wá, mo ká apá aṣọ Mùbáráàkì sókè, mo rí àpá lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo bi ìyá rẹ̀ pé kí nìyí. Kò tiẹ̀ fi pamọ́. Ó ní bí ọmọ náà bá ti fẹ́ ya pílásítà dànù, ìborí òun lòun fi ń so ọwọ́ rẹ̀ mẹ́yìn. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé àánú mi ló ba ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́. Mi ò ní ṣàánú eléyìí." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má so ó mọ́, pé a lè fi eré tàn án. Ó ní òun ti gbọ́. Mo mọ̀ pé yóò tún so ó.

Ròfíátù bá wọn wá lọ́jọ́ náà. Ó ti di wúńdíá, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ológun ló wù ú láti kékeré, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà níbi àyẹ̀wò ojú. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò wọlé. Ìyá rẹ̀ ní kó wá bá òun di àbúrò rẹ̀ mú. Èmi ló kọjú sí. Ó ní, "Mà, ẹ má jẹ́ kí Mọ́mì mi fọwọ́ kan ojú ọmọ yẹn o. Ojú tèmi ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́." Ìyá rẹ̀ tẹrí ba, ó ń nu imú ọmọ rẹ̀.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní wọn yóò gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ wa sì wà ní yunifásítì ní Ìlíṣàn. Ó ní ojú ti bàjẹ́ ná, ìjẹ́wọ́ kò lè là á. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò rí ọrùn ọwọ́ Mùbáráàkì. Kò sì rí bí obìnrin yẹn ṣe tẹrí ba.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyá náà pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní Ròfíátù kò kí òun mọ́ nínú ilé. Ó ní ọmọ náà ti rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ògíjó, yóò kó lọ síbẹ̀, ó sì ti búra pé òun kò ní padà wálé wá rí ìyá òun. Ó ní kò sí ẹni tó lè bá a sọ ọ́ kó gbọ́ àyàfi èmi, torí èmi ni mo mọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ ọmọ mi. Ẹ sọ fún un pé mi ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní n ó bá a bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá ìyá náà nìkan, kí n bẹ̀ ẹ́ kó bò mí láṣìírí? Ṣé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni kí n kọ́kọ́ lọ? Mo mọ̀ pé inú á bí ẹlòmíràn nínú yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan báyìí, torí gbogbo èyí tí mo ti gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá mi, ara mi ni mo fi ń gbèjà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún Ròfíátù pé mo ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan láti bá a sọ, ọmọ náà sì ti gbà pé òun yóò wá gbọ́ ọ.