Mo Dí Ọ̀nà Tábìlì Olúwa Mọ́ Emem

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó ṣépè fún mi. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọkọ mi pàápàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, pásítọ̀ wa dúró níwájú ìjọ, ó ní èmi ni yóò máa darí ìgbìmọ̀ tuntun tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe àjèjì láàárín wa mọ́, ìbáà jẹ́ Yorùbá, Ìgbò tàbí Ìbíbíò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè.

Ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran kékeré ni tiwa, ní Ìkòròdú. Èmi ni mo máa ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá ti ìjọ mìíràn wá, yóò kọ́kọ́ rí pásítọ̀ kí ó tó jẹ Oúnjẹ Olúwa. Àmọ́ ìjọ méjì ni pásítọ̀ ń bójú tó. Bó bá ti ṣe ìsìn tán, ó ti wọkọ̀ lọ nìyẹn, èmi ni mo sì máa ń bá àwọn àlejò jíṣẹ́ fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ni Emem, ọmọbìnrin Ìbíbíò kan tó wá láti Akwa Ibom. Ó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Industrial Estate. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, àmọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó kúnlẹ̀ kí Mama, ìyá ọkọ mi. Mama mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì ń pè é ní "ọmọ mi". Èmi tí mò ń fọ aṣọ wọn, tí mò ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, "ìyàwó" ni wọ́n ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ó dùn mí wọ egungun.

Nígbà tó yá, Emem ní kí n bá òun sọ fún pásítọ̀ pé òun fẹ́ jẹ Oúnjẹ Olúwa. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Mama sọ fún mi pé, "Ìyàwó, tí wọ́n bá ti gbà á, òun ni yóò máa mú mi lọ síwájú pẹpẹ. Ọwọ́ tìẹ le, o máa ń fà mí ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n owú Emem ti wọ inú mi.

Mo sọ fún pásítọ̀ pé Emem ṣì ń rò ó. Mo sọ fún Emem pé pásítọ̀ ní kó ní sùúrù, pé lọ́dọ̀ wa, àwọn tí kì í ṣe Yorùbá máa ń pẹ́ díẹ̀. Irọ́ ni. Ó tún bi mí lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé, "Auntie, pastor never talk anything?" Mo ní kò tíì sọ nǹkan kan.

Bí àwọn yòókù ti ń lọ kúnlẹ̀, Emem nìkan ló ń jókòó. Mo ń mú Mama lọ, mo sì ń yọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo na ọwọ́ sí Mama, wọn kò dìde. Wọ́n ní, "Wọn ò fún ọmọ mi jẹ torí pé kì í ṣe Yorùbá. Èmi náà ò jẹ mọ́." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Emem kó lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Mama ti dùbúlẹ̀ àìsàn báyìí. Pásítọ̀ gbé Oúnjẹ Olúwa wá bá wọn nílé, wọ́n kọjú sí ògiri. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Emem. Ọkùnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ yìí bi mí pé kí ni òun ṣe. Mo ní ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni.

Mo pe Emem lórí fóònù láti jẹ́wọ́. Kí n tó la ẹnu, ó ti ń béèrè àlàáfíà Mama. Mo bi í níbi tó ti ń jọ́sìn. Ó ní, "Auntie, I no dey go again. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má tún ní kí n dúró." Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo pa fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n gbàdúrà nìkan, mo ń gbà á. Bí n kò bá sọ òtítọ́, Mama yóò kú pẹ̀lú ìbínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé Ẹ̀pẹ́ ni ó yẹ kí n lọ. Ṣùgbọ́n owú yẹn kò tíì kúrò nínú mi. Bí Emem bá wọ yàrá yẹn, òun ni Mama yóò na ọwọ́ sí, èmi yóò sì dúró máa wò wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá bí mo ṣe lè lọ mú un wá kó tó pẹ́ jù.