Ọ̀sán Tí Rédíò Yadi

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ẹni tó ń ka ìròyìn ní ilé iṣẹ́ rédíò, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ní ojú òun ló ṣe, ẹnikẹ́ni ò rò ó fún òun. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Wáyà ni, ọkùnrin tí gbogbo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, tó sì máa ń rìn bí ẹni pé òun ló bí iná mànàmáná.

Ọjọ́ ìdágbére rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tó ti ń fi kọ́ etí láti ìgbà èwe ti ba etí náà jẹ́, dókítà sì ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó di adití. Wọ́n to àga sí yàrá ìpàdé, wọ́n pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Máníjà dìde pẹ̀lú táì pupa lọ́rùn, ó ní, “Ẹni tí kò ṣe àṣìṣe rí lẹ ń wò yìí o!” Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, àfi obìnrin kan tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìyá Ètò ni wọ́n ń pè é nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí òun ló ń to orin, ìpolówó àti ìròyìn bí wọn yóò ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti lé e. Ọ̀gá Wáyà fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí.

Ọ̀gá Wáyà dìde. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò dúpẹ́.

“Òní ni òótọ́ máa jáde, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́. Irọ́ ni Máníjà ń pa, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí rédíò yìí yadi, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe Àǹtí tẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ lé.”

Ó ń bá a lọ, ó ń pariwo bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa.

Ó ní kí àwọn tó dé lẹ́yìn mọ̀ pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà nígbà náà, Bàbá Arúgbó ni wọ́n ń pè é. Orí rẹ̀ ni sọ́fítíwíà tó ń gbé wọn sórí afẹ́fẹ́ wà. Ètò ìdarí inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó máa ń kọ́kọ́ jí nínú kọ̀ǹpútà kí ìyókù tó jí, ti gbó, ṣùgbọ́n òun àti sọ́fítíwíà náà mọwọ́ ara wọn bíi tọkọtaya àgbà. Ìyá Ètò ti fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ètò ìdarí náà títí àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà yóò fi sọ pé ó bá tuntun mu.

Ó ní òun máa ń fi òfin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àlejò pàtàkì ń bọ̀, Máníjà wo Bàbá Arúgbó, ó yínmú. “Ojú kọ̀ǹpútà yìí dà bí aṣọ ìnulẹ̀. Fi tuntun sí i jàre.” Ìyá Ètò gbọ́, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti wo ohun tí àwọn tó ṣe é kọ?” Òun dáhùn pé, “Àǹtí, ayé ti lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù sẹ́yìn.”

“Mo sì ti kà á!” Ó lu àyà. “Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kò tíì bá a mu, ká ní sùúrù. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ta ni wọ́n fẹ́ kọ́ níṣẹ́? Èmi Ọ̀gá Wáyà! Òmùgọ̀ tí bàtà rẹ̀ ń dán.”

Ó dúró kí Ìyá Ètò jáde lọ jẹun, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ètò tuntun jí, ojú rẹ̀ ń dán. Sọ́fítíwíà ṣí, àmì ohùn ń jó lójú rẹ̀, orin ń dún nínú yàrá. Àwọn àlejò yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà lọ sí òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kò gbọ́ èdè ètò ìdarí tuntun yẹn. Ohun tó ń dún nínú yàrá kò dé ìta rárá. Odidi ọ̀sán ni wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

“Ilé iṣẹ́ rédíò o! Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa tó ń gbọ́ rédíò!”

Ìyàwó wa ní ojú ti òun níbẹ̀, torí òun wà lára àwọn tó ka ìròyìn fún ògiri lọ́jọ́ náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mẹ́gáàdì ló wá kan ilẹ̀kùn. “Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ẹnì kan kú ni? Rédíò mi dákẹ́ láti ọ̀sán.” Wọ́n ní kó lọ ra bátìrì.

Ọ̀gá Wáyà ní nígbà tí ariwo àwọn olùgbọ́ dé, Máníjà ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì. “Ta la máa fà sílẹ̀? Kì í ṣe èmi. Ṣé ìwọ ni?” Ọ̀gá Wáyà dá ètò àtijọ́ padà sínú Bàbá Arúgbó kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí dúrọ́ọ̀ Ìyá Ètò, ó mú fíláàṣì kọ̀ǹpútà tí obìnrin náà fi ń gbé ètò àwọn ọmọdé wá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó kòkòrò kọ̀ǹpútà sí i. Níwájú ìgbìmọ̀, ó gbé e sókè. “Ohun tó pa ẹ̀rọ wa nìyí.”

“Àǹtí ní, ‘Ìwọ tí mo fà wọlé síbí? Wò mí lójú.’ Fíláàṣì ni mo ń wò. Wọ́n ń wá kòkòrò nínú fíláàṣì! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi rèé. Èmi kan náà ni mo gbé ìkéde sórí afẹ́fẹ́, pé kí aráyé má bá a da nǹkan pọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí rédíò tó gbà á síṣẹ́. Ní báyìí tí etí mi ń di, mo ń rí ẹnu tó ń mì, ohùn kò dé ọ̀dọ̀ mi. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Ó ń sọ òótọ́, mo gé wáyà rẹ̀.”

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Àǹtí, ẹ forí jì mí.”

Máníjà fẹ́ rẹ́rìn-ín. “Àìsàn etí yìí ti wọ orí o.”

Ìyá Ètò dìde, ó sún mọ́ etí ọkùnrin náà kó lè gbọ́. “Dìde, o ń bá wọn nulẹ̀. Orí afẹ́fẹ́ lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́. Ìdí ọtí ẹlẹ́rìndòdò lo ti fẹ́ tún un ṣe, níwájú àwọn tí kì í gbọ́ rédíò?” Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ọ̀gá Wáyà dìde. Ó wọ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó pa orin, ó ṣí máìkì. Máníjà ń gbá ilẹ̀kùn, ó ń pè é ní wèrè. Ìyàwó wa ti sá tẹ̀lé Ìyá Ètò dé géètì, níbi tí rédíò mẹ́gáàdì wà lórí àga. Orin gé lójijì. Mẹ́gáàdì ní, “Ó tún ti dé. Ẹ máa tó ní kí n lọ ra bátìrì.”

Ohùn Ọ̀gá Wáyà jáde. Ó sọ gbogbo rẹ̀, fíláàṣì, kòkòrò, ẹjọ́ èké, kò yọ Máníjà sílẹ̀. Ó dárúkọ Ìyá Ètò ní kíkún, orúkọ bàbá àti ti ọkọ. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, bí ẹni tó kọ́ yín bá ní ‘ẹ dúró’, ẹ dúró. Bí ẹ bá sì ti bà á jẹ́, ẹ má wá orí ẹlòmíràn gbé e lé.”

Ìyá Ètò tẹ́tí títí orúkọ rẹ̀ fi parí. Ojú fèrèsé yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kọ sí géètì. Ìyàwó wa rí Ọ̀gá Wáyà níbẹ̀ tó lẹ iwájú orí mọ́ gíláàsì, tó ń retí kí obìnrin náà kàn yíjú lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Ètò tún báàgì rẹ̀ gbé kọ́ èjìká. Ó ní, “Mẹ́gáàdì, bátìrì rẹ dára,” ó sì bọ́ sí títì, ó ń lọ, kò wẹ̀yìn.