Katakata Tí Kọ̀ǹpútà Kejì Kò Rí

Nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìkọ̀lé ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

"Bọ̀dá mi, uṣẹ́ mi ti yọrí o! Kọ̀ǹpútà méjèèjì ti ń rí àwòrán katakata mi tó ń túlẹ̀ nínú oko!"

"Àti èyí tó ń lo Linux, tó jẹ́ pé oko òfìfo ló ń fi hàn lánàá?"

"Ẹ̀bi mi ni. Ibì kan náà ni mo kó àwòrán sí, àmọ́ ọ̀nà tí èyí tó ń lo Windows ń gbà débẹ̀ ni mo kọ fún àwọn méjèèjì."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "O júwe ọ̀nà Ìrè fún ará Ìdó bí ẹni pé Ìkọ̀lé ló ti ń bọ̀!"

"Mo ti wá júwe fún kálukú láti ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀."

Tísà ìṣirò ni mí. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé sọ́kàn sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àwọn ọmọ tí mo máa ń pè ní olódo, ní Mọ́ńdè, ẹnu ọ̀nà tiwọn ni màá ti bẹ̀rẹ̀.