Òkùnkùn Tó Gba Ojú Bàbá Mi Kò Rí Tèmi Gbà Tán

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹ̀yin ará, ojú tí mo fi ń wò yín yìí, àánú ni.

Aránṣọ ni mí ní Muṣin. Bàbá tó bí mi, díẹ̀díẹ̀ ni ojú wọn fọ́. Kò dùn wọ́n, kò pọ́n. Títí tí wọ́n fi kú ni wọ́n ń fọwọ́ wá ògiri kiri ilé, tí wọ́n á ní, "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo jókòó tì wọ́n! Àwọn ẹbí ní èpè ni, pé ó ṣì máa mú ọ̀kan nínú wa.

Ẹ̀yin ará, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí! Mò ń rí iwájú, mi ò rí ẹ̀gbẹ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi ní Sùúrùlérè lọ́sàn-án gangan. Mi ò rí i, àfi bíi pé inú ilẹ̀ ló ti yọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti dá wà, ohùn bàbá mi ni mò ń gbọ́: "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Ọkọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó yẹ̀ mí wò títí, ó ní, "Mà, glòkómà ni. Ìfúnpá inú ojú yín ti ga jù, ó ń ba iṣan ojú jẹ́. Èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́."

Mo bú sẹ́kún. "Dókítà, ṣé èpè tó mú bàbá mi ni?"

"Àìsàn ni, mà. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Oògùn tí ẹ óò máa kán sójú lójoojúmọ́ nìyí, kó má bàa mú èyí tó kù lọ. Àìsàn náà kò ní dùn yín o, ṣùgbọ́n ẹ má dá oògùn dúró. Ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ ìyá yín kí wọ́n wá."

Oògùn náà ta mí! Bí mo bá ní kí n kán an fúnra mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń kán sí. Ọkọ mi ló wá ń fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, á kán an, á ní kí n pajú dé, á fìka tẹ igun ojú mi lẹ́bàá imú, á máa gbàdúrà. Ẹ̀rù á máa bà mí pé bí mo bá lajú, mi ò ní rí i mọ́.

Nígbà tí a padà lọ, dókítà wọn ìfúnpá ojú mi. Ó tún un wọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, ó ti wálẹ̀!"

Ògo! Bàbá, ẹ ṣeun! Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ: ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn ṣì ṣókùnkùn. Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sún mọ́ mi mọ́!

Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kọ̀, wọn ò fẹ́ lọ. "Má fa èpè yẹn wá bá mi o." Mo sunkún títí wọ́n fi gbà. Dókítà ní ó wà lójú tiwọn náà, ṣùgbọ́n kò tíì mú nǹkan kan lọ! Àwọn ni wọ́n jókòó lọ́hùn-ún yẹn. Àǹtí, ẹ juwọ́ sí wọn!

Ẹ̀yin tí ojú òbí yín fọ́, tí ẹ̀ ń gbé ẹ̀rù náà kiri láìsọ, ẹ má sá fún un. Ẹ lọ yẹ ojú yín wò. Ẹ máa kán oògùn, ẹ máa gbàdúrà. Ọlọ́run tó fún dókítà lọ́gbọ́n kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ yín lójú. Mo dúpẹ́ o! Mo tún ọpẹ́ dá!