Lọ́yà Àwọn Tó Ti Kú

Ní àárín àwọn ọdún 1980, níbi tí a ti ń dúró de aṣọ wa nílé ìfọṣọ kan ní Sharpstown, ní Houston, mo gbọ́ tí bàbá àgbà kan tó wá láti Nàìjíríà ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

“Dádì, yunifásítì ti gbà mí síṣẹ́ olùkọ́ pátápátá.”

“Ìtàn náà ni wàá máa kọ́ wọn? Lọ́yà ni mo ní kí o wá kà.”

“Ìtàn ẹrú ni, sà, àti òfin Amẹ́ríkà ayé àtijọ́. Ẹrúbìnrin kan wà tó pe olówó rẹ̀ lẹ́jọ́, ó ní ọmọ òmìnira ni ìyá òun, ipò ìyá sì ni òfin fi ń mọ ipò ọmọ.”

“Ẹrú pe olówó rẹ̀ lẹ́jọ́? Ta ló wá jàre?”

“Obìnrin náà ni. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ gba òmìnira. Ayé ti gbàgbé ẹ̀, èmi ni mo tún ń ròyìn ẹ̀.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Lọ́yà náà lo kúkú jẹ́. Lọ́yà àwọn tó ti kú.”

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Aṣọ tèmi ti gbẹ, ṣùgbọ́n n kò dìde. Bàbá ti yíjú sí ará Mẹ́síkò kan tó jókòó tì í, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un pé ọmọ òun nìyí.